Ṣé ooru Ìbàdàn lẹ fẹ́ kọ́ mi ni?

Ọ̀rọ̀ nípa ooru àti àwọn àgbà wa tí mo bá ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa sọ ní họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham, ní London, lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Àwọn tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má bínú tó bá ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin dádì wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mi ò kì í ṣe dókítà, ẹ má lọ máa pè mí ní dókítà lẹ́yìn ìpàdé yìí, iṣẹ́ kẹ́rà ni mò ń ṣe láti ọdún 14 sẹ́yìn, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń bá múra, tí mò ń fún lóúnjẹ, mo mọ bí ara wọn ṣe ń rí tó bá tutù àti tó bá gbóná. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yẹn ṣá, inú ilé tèmi gangan ni ooru ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Oṣù July 2022 ni. Àbúrò mi obìnrin bímọ, màmá wa wá láti Ìbàdàn láti wá tọ́jú ọlọ́mọ, wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi kí wọ́n fi sinmi igbe ọmọ. Ọmọ ọdún 76 ni wọ́n. Ní Tuesday, ọjọ́ 19, mo ń múra iṣẹ́ lọ láàárọ̀, mo ní, "Màmá, wọ́n ní ooru máa mú gan lónìí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa mu omi." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ooru? Ṣé ooru Ìbàdàn lẹ fẹ́ kọ́ mi ni? Èmi tí mo ta gààrí ní Bódìjà nínú oòrùn, kí wọ́n tó bí ẹ." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo wọlé, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run o. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ó dà bíi pé mo ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín tó wà lórí iná, ooru yẹn gbá mi lójú. Màmá jókòó sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wọ kádígàn, fèrèsé tì pa nítorí olè, lókè kẹta o, olè wo ló fẹ́ gba fèrèsé òkè kẹta wọlé. Kọ́tìnì wá ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí wọ́n ní ilé tó bá ṣókùnkùn ò dáa lójú. Tíì tí mo pò fún wọn láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti di awọ lójú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé ọkọ̀ ti dé?" Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú láti ọdún pípẹ́ ló ń jẹ́ Àdùkẹ́.

Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, ó gbóná janjan, ó sì gbẹ, kò sí òógùn kankan níbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò, èrò kejì tó wá sí mi lọ́kàn ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àwọn ará ilé bàbá wa ni mo ti fẹ́ máa gégùn-ún fún. Mo pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn níbí. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n bọ́ kádígàn, kí n da omi tútù sára wọn kí n sì máa fẹ́ wọn, kí n má dúró de áńbúláǹsì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí áńbúláǹsì máa dé, Màmá ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo da omi sí wọn lára bí ewúrẹ́. Mo sunkún ìdùnnú.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ooru tó tíì pọ̀ jù nínú ìtàn Britain mú, ní Coningsby ní ìpínlẹ̀ Lincolnshire, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 40.3 dígírì, wọn ò tíì rí 40 rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹ̀, ooru ba ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ ní Luton jẹ́, wọ́n dá bàálù dúró. Ní Wennington, ní ìlà oòrùn London níbí, iná jó ilé àwọn èèyàn. Àjọ ìlera wọn, UKHSA, wá ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà pé lára àwọn tó ti lé ní 65 ọdún ní England nìkan, àwọn tó kú ju iye tó yẹ kó kú lọ láwọn àkókò ooru ọdún yẹn jẹ́ 2,803. Púpọ̀ nínú wọn ò kú sí ìta lábẹ́ oòrùn. Inú yàrá ni, lórí àga, níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mo wá sọ fún yín nìyẹn. Àwa tá a wá láti ilẹ̀ olóòrùn, oòrùn la mọ̀, a ò mọ ilé tó ń gbá ooru pọ̀. Ooru Ìbàdàn àti ooru Peckham, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Ẹ wò ó ná. Ilé tí Màmá ń gbé ní Ìbàdàn, fèrèsé wà níwájú, fèrèsé wà lẹ́yìn, atẹ́gùn á gba ibí wọlé á gba ibẹ̀ jáde, igi máńgòrò wà lẹ́yìn ilé, tí ooru bá fẹ́ mú wọ́n á gbé àpótí lọ síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò á máa kọjá, "ẹ kú ìjókòó o mà," ẹnì kan ò ní lè dákú níbẹ̀ kí èèyàn mẹ́wàá má sáré wá. Tó bá di aago méje, oòrùn ti wọ̀. Ibí ńkọ́? Ní July, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá kí oòrùn tó wọ̀, aago márùn-ún ìdájí ó ti yọ padà, ilé ò ráyè tutù. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ki nǹkan sínú ògiri kí ooru híítà má baà jáde nígbà òtútù, ooru oòrùn náà ò wá rí ibi jáde. Éésì ò sí. Fúláàtì òkè pátápátá ló burú jù, pàápàá tí fèrèsé ẹ̀ bá kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, bíi tèmi. Táwọn bíríkì yẹn bá ti ń gba ooru fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin léraléra, òru ọjọ́ kẹrin máa burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kódà kí ìta ti máa rọ̀.

Ó yẹ kí n wá sọ ìdí tó fi jẹ́ àgbàlagbà ló ń mú jù. Ṣé ẹ rántí amù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré ẹ bi àwọn màmá yín. Ìkòkò omi tí ìyá àgbà máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá, tí omi inú ẹ̀ á tutù nini láìsí fíríìjì, láìsí iná NEPA. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi ń sun díẹ̀díẹ̀ gba inú amọ̀ yẹn bọ́ síta, tí atẹ́gùn bá kàn án á gbẹ, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru lára ìkòkò lọ. Ara èèyàn náà nìyẹn, òógùn ni omi tó ń sun yẹn. Amù tuntun ń tutù dáadáa, amù tó ti pẹ́, ojú amọ̀ ẹ̀ á ti dí, omi ò ní máa sun bíi ti tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá bu omi inú ẹ̀ mu á kàn lọ́ wọ́rọ́wọ́. Bó ṣe rí fún awọ ẹni ọdún 75 nìyẹn, òógùn ẹ̀ ti dín kù, ó sì ń pẹ́ kó tó jáde, ọkàn tó yẹ kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ kó lè tutù náà ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí atẹ́gùn ò bá wá fẹ́ sí amù ńkọ́? Tí omi inú ẹ̀ bá wá tán pátápátá ńkọ́? Ojú amọ̀ tó ti dí, a ò lè tún un ṣe. Omi àti atẹ́gùn ló kù tó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká mú omi. Àgbà kì í mọ òùngbẹ bíi ti ọ̀dọ́, ọpọlọ tó yẹ kó lu aago pé "omi ti ń tán o" ti ń sùn gbàgbé, nítorí náà tí màmá yín bá ní "òùngbẹ ò gbẹ mí," wọn ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Kíndìnrín wọn náà kì í lè di omi mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nǹkan míì tún wà tí wọn ò ní sọ fún yín, èmi tí mò ń bá wọn lọ ilé ìtọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ má mu omi ni. Orúnkún ń dun wọ́n, ilé ìtọ̀ wà nísàlẹ̀, wọn ò fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, wọn ò fẹ́ kí ìtọ̀ bọ́ sí wọn lára níwájú ìyàwó ọmọ wọn. Bẹ́ ẹ bá ń pariwo "ẹ mu omi, ẹ mu omi," tẹ́ ẹ ò yanjú ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀, àsán ni. Ẹ gbé ike ìtọ̀ sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ tan iná kékeré sí ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu èyí tó pọ̀ láàárọ̀ àti ọ̀sán, kí ti alẹ́ dín kù. Kò pọn dandan kó jẹ́ omi lásán o. Ògì tó lọ́ wọ́rọ́, ọbẹ̀ tó lómi, ọsàn, wọ́tàmẹ́lọ̀n tẹ́ ẹ gé sínú fíríìjì, tíì pàápàá wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìtọ̀ wọn ti ń pọ́n bí àgbo, omi ò tó nìyẹn.

Ẹ dúró díẹ̀ ṣá. Àwọn kan wà tí dókítà ti fún ní òṣùwọ̀n omi nítorí ọkàn wọn tàbí kíndìnrín wọn, ẹ má wá torí ọ̀rọ̀ mi rọ omi sí wọn lọ́fun. Ẹ pe dókítà yín kí ooru tó dé, ẹ bi í pé tó bá di ooru kí la máa ṣe.

Oògùn náà wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ sáré kọjá ẹ̀, torí ó jọ pé ilé wo ni ò sí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín wa. Àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀, furosemide, bendroflumethiazide àti irú wọn, ń fa omi jáde nínú amù yẹn. Àwọn bíi lisinopril máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tí omi bá tún wá kúrò lára, èèyàn á dìde òòyì á gbé e ṣubú. Àwọn bí atenolol ò ní jẹ́ kí ọkàn sáré tó bó ṣe yẹ kó sáré láti tú ooru dànù. Àwọn oògùn kan fún ọpọlọ, fún oorun, fún àpòòtọ̀ ń dín òógùn kù. Furosemide wà lára tí Màmá ń lò, mo mọ̀, mo rí ike ẹ̀ lórí tábìlì lójoojúmọ́, mi ò so ó pọ̀ mọ́ ooru rí, èmi kẹ́rà ọlọ́dún mélòó. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o! Ẹni tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ooru lè fi rọpárọsẹ̀ san án. Ẹ bi GP, dókítà àdúgbò yín, tàbí kẹ́mísìtì. Ẹni tó bá ń gún insulin nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé, ooru ń bà á jẹ́.

Ó wá ku atẹ́gùn. Lọ́sàn-án tí ìta bá gbóná ju inú ilé lọ, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, ẹ fa kọ́tìnì sí i, mo mọ̀ pé àwọn màmá ò fẹ́ràn ilé tó ṣókùnkùn, ẹ bẹ̀ wọ́n. Tí ìta bá ti wá rọ̀ ju inú lọ, láti alẹ́ títí di àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn ríbi gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ìdàkejì ẹ̀, a ń ṣí i lọ́sàn-án, a ń tì í lóru nítorí olè.

Fáànù dáa, àmọ́ ó ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Tí inú yàrá bá ti lé ní 35 dígírì, atẹ́gùn gbígbóná ni fáànù ń fẹ́ sí wọn lára, ó lè máa mú un burú sí i, pàápàá fún ara tí kì í laágùn mọ́. Ẹ fi omi pa wọ́n lára kí fáànù tó fẹ́ sí wọn, ẹ̀ ń bá amù tó dí sun omi láti ìta nìyẹn. Aṣọ tútù sí ọrùn, ẹsẹ̀ méjèèjì sínú abọ́ omi, kó tutù díẹ̀, kó má ṣe omi yìnyín. Ẹ bọ́ kádígàn. Màmá á ní òtútù ń mú òun, ara àgbà kì í tètè mọ̀ pé ilé ti gbóná, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn kẹ́ ẹ fi mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ro àmàlà ní kíṣìnnì fúláàtì láago méjì ọ̀sán July? Ẹ sè é láàárọ̀, àbí kẹ́ ẹ jẹ ẹ̀kọ tútù lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó dùn mí jù ni ti òde wa, a fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 fún màmá, a wé gèlè fún wọn, a fi léèsì tó wúwo bí ìjìyà sí wọn lára, a gbé wọn jókòó sínú tẹ́ǹtì láti aago kan, àwa dúró síta à ń ná owó fún olórin.

Ní France, August 2003, ooru pa nǹkan bí èèyàn 15,000, púpọ̀ nínú wọn àgbàlagbà. August ni ọ̀pọ̀ ará France máa ń lọ fún ìsinmi, àwọn arúgbó kan wà tí àwọn ọmọ àti aládùúgbò wọn ti rìnrìn àjò. Chicago náà rí tiẹ̀ ní July 1995, ó lé ní 700 èèyàn, ọ̀pọ̀ ló ń dá gbé. Mi ò fẹ́ ká máa sọ pé "òyìnbó ò ní àánú àgbà." Àwa náà ńkọ́? Ṣíìfù alẹ́ là ń ṣe, a ń sùn lọ́sàn-án, à ń pè wọ́n lórí fóònù, "Màmá, ṣé dáadáa ni?" "Mo wà pa, ọmọ mi." Ó tán. Àgbà Yorùbá ò ní sọ pé ara òun ò yá fún ọmọ tó wà níbi iṣẹ́, wọn ò ní fẹ́ yọ ẹ lẹ́nu, wọn ò sì ní fẹ́ tan fáànù fún ẹ láti sanwó iná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bèèrè ṣé dáadáa ni mọ́. "Màmá, kí lẹ mu láti àárọ̀? Fèrèsé wo lẹ ṣí? Ẹ gbé fóònù sókè kí n rí ojú yín." Ètè tó gbẹ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, wàá rí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àgbàlagbà yín bá wà nílé ní Nàìjíríà tí iná ò sí, ìbéèrè yẹn kan náà ni, kẹ́ ẹ tún bi wọ́n ṣé wọ́n ti gbé àga lọ sí ìta níbi ìbòòji.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí inú ń rìn wọ́n, tó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu àmọ́ tí iyè wọn ṣì pé, ẹ gbé wọn lọ síbi tó tutù, ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè díẹ̀, omi mímu, omi sára, fáànù. Ó yẹ kí ara wọn balẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí kò bá balẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí gìrì mú wọn, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà, 999 lójú ẹsẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín kiri máa ń sọ pé awọ lè pọ́n tàbí kó funfun, lára awọ dúdú ẹ lè má rí ìyẹn rárá, ọwọ́ yín lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má fún ẹni tí ò mọ ara ẹ̀ lómi mu, omi yẹn lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má sì bò wọ́n ní bùláńkẹ́ẹ̀tì kó lè laágùn jáde bí ẹni ní ibà, paracetamol náà ò lè mú ooru yìí wálẹ̀, kì í ṣe ibà. Ẹ gbàdúrà, mo gbà, ẹ kan fi 999 sórí sípíkà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, Bàbá kan bi mí bóyá bíà tútù ń ka omi. Rárá, dádì, ó máa ń fa omi jáde lára yín tó bá ti pọ̀. Wọ́n ní ìgò kan ńkọ́, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo ní ìgò kan, omi méjì tẹ̀ lé e. Màmá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ní ṣé kí òun ṣí fèrèsé kí wọ́n wá pa òun ni, ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò fi ṣeré. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń kàn mọ́ fèrèsé kó má ṣí ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, ẹni tó bá ń gbé ilé kọ́ńsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá èèyàn gbé, kó ní kí wọ́n wá kàn án, kó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú lẹ́tà. Tọ́sàn-án bá sì le jù, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí láíbírì tàbí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní éésì, wákàtí méjì níbẹ̀ ti ran ara lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ sì ni bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ yín.

Ìkìlọ̀ ooru tí àjọ UKHSA yẹn ń ṣe láti June dé September, yẹ́lò, áńbà àti pupa tó le jù, ẹ má dúró de pupa. Àwọn ọmọ ni kó forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹ má gbé e lé àwọn àgbà lọ́rùn. Mo ra tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri yàrá, mẹ́wàá ni mo kó wá. Tó bá ti ń fẹ́ dé 32 lọ́sàn-án nínú yàrá màmá yín, tàbí tó lé ní 24 lóru, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tá a sọ, ẹ má dúró kí wọ́n pè yín ní Àdùkẹ́. Méje ti lọ, mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú báàgì mi, ẹni tí òbí ẹ̀ bá ń gbé lókè pátápátá ni kó kọ́kọ́ wá gbà.